Pendon: Abúlé tí wágọ́ọ̀nù rélùwéè kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí lẹ́tà ara rẹ̀ sì ń jẹ́rìí

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Paddington nílùú Lọ́ńdọ̀nù, tó sì dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, kò ní í rìn ju nǹkan bíi máìlì 53 lọ kó tó dé ìlú Didcot. Ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀nà kékeré nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Isambard Kingdom Brunel ló là á fún iléeṣẹ́ Great Western Railway, èyí tí wọ́n ń pè ní GWR, ọdún 1841 ni iṣẹ́ sì parí lórí rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé Bristol. Àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá tẹ́lẹ̀ rí yóò rántí ilé gogoro mẹ́fà ràgàjì-ràgàjì tó dúró ti ìlú Didcot, níbi tí wọ́n ti ń sun èédú láti fi pèsè iná mànàmáná. Láti ọ̀nà jínjìn lèèyàn ti ń rí wọn. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ lónìí kò ní í rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn mọ́. Wọ́n wó mẹ́ta lulẹ̀ lọ́dún 2014, wọ́n sì wó mẹ́ta yòókù lọ́dún 2019. Ohun tó ti wà lójú gbogbo ayé fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló fi di erùpẹ̀.

Kò jìnnà sí ibi tí àwọn ilé gogoro náà wó sí ni abúlé kan wà létí odò Thames, Long Wittenham lorúkọ rẹ̀. Abúlé jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ní abúlé yìí, àwọn èèyàn kan ti ń ṣiṣẹ́ láti ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún kí ohun tó ti wó lóde ayé má baà wó tán nínú ìrántí ọmọ aráyé. Páálí, ike, idẹ, òjé àti ọ̀dà ni wọ́n fi ń ṣe é. Orúkọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe é ni Pendon.

Ọkùnrin tó wá láti Ọsirélíà

Ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Roye England lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1925 ló dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Rélùwéè GWR ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú. Àmọ́ nígbà tó dé agbègbè tí wọ́n ń pè ní Vale of White Horse, ìyẹn àfonífojì tó gba orúkọ rẹ̀ lára ẹṣin funfun ńlá tí àwọn ará ìgbà láéláé gbẹ́ sára òkè ẹfun, ohun mìíràn tún gbà á lọ́kàn. Ó rí àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi bẹẹrẹ bo orúlé wọn, tí ògiri wọn ti wà láti ayé àwọn baba ńlá. Ó sì rí i pé wọ́n ti ń bọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ á tú bẹẹrẹ dànù, á kan nǹkan ìgbàlódé mọ́ orí ilé. Ọ̀nà mọ́tò ń fẹ̀, igi àtayébáyé ń wó.

England kò ní agbára láti dá àwọn onílé dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tó lè fi mú ẹnikẹ́ni. Ohun tó pinnu láti ṣe ni pé kó tó di pé gbogbo rẹ̀ pòórá, òun yóò wọn ilé kọ̀ọ̀kan, òun yóò ya àwòrán rẹ̀, òun yóò sì fi páálí kọ́ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ní kékeré. Nígbà tó di ọdún 1954, ó ti ra ilé ọtí àtijọ́ kan ní Long Wittenham, ibẹ̀ ló sì di Ilé Àkójọpọ̀ Pendon. Ọdún 1995 ló jáde láyé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a kú. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń bá a lọ: wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń gbin igi tí kò ga ju ìka lọ, wọ́n sì ń kan ọkọ̀.

Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ yóò dà bí àwòdì tó rà bàbà lókè ìlú. Oko lọ salalu nísàlẹ̀. Ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ewébẹ̀ wà nínú ọgbà, rélùwéè sì ń gba àárín wọn kọjá bí ìgbà tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920 àti 1930. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀: mìlímítà 4 ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, èyí túmọ̀ sí pé ohun gidi fi nǹkan bí ìlọ́po 76 tóbi ju àwòṣe rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lóde ayé, mìlímítà 24 péré ni gíga rẹ̀ ní Pendon. Ní iyàrá mìíràn, afárá onígi gíga kan wà tó dà bí èyí tí rélùwéè ń gbà kọjá ní agbègbè Dartmoor láyé àtijọ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n tọ́jú Madder Valley sí, ìyẹn ìlú kékeré tí John Ahern fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tó sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e lẹ́kọ̀ọ́ pé rélùwéè àwòṣe gbọ́dọ̀ ní ìlú tó ń gbà kọjá.

Ẹni tó ru ẹrù

Láàárín gbogbo ẹwà yìí, ohun kan wà tí ojú àlejò kì í sábà dúró lé lórí. Bí ọba bá ń kọjá lọ, àwọn mélòó ló ń wo ẹni tó ru ẹrù ọba? Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo èèyàn ń wò. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì Pendon ni Guy Williams fi ọwọ́ kọ́, wọ́n sì dára débi pé ẹni tó bá rí wọn á fẹ́ gbọ́ ìró wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ni ẹrù, inú wágọ́ọ̀nù sì ni ẹrù wà. Wágọ́ọ̀nù ló kó èédú tí ìlú fi dáná, òun ló kó ọkà, ẹja, ẹran, màálù, pákó àti irin. Bí wágọ́ọ̀nù kò bá sí, rélùwéè kò ní í rówó san fún Brunel.

Wágọ́ọ̀nù èédú tí ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 1923 wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ nígbà náà. Pákó méje tí wọ́n tò léra ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tọ́ọ̀nù 12 ló ń rù, ẹsẹ̀ bàtà 16 ààbọ̀ sì ni gígùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe àwòṣe rẹ̀ ní ìwọ̀n Pendon, gígùn rẹ̀ kò kọjá mìlímítà 66. Ìka àárín àgbàlagbà gùn jù ú lọ. Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 12 ààbọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ yóò kọ́kọ́ jókòó sídìí tábìlì tó ní ìmọ́lẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú ọ̀bẹ tó mú, rúlà irin, fáìlì kékeré àti sùúrù. Àwọn kan ń fi pẹlẹbẹ ike bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀. Àwọn mìíràn ń ra èyí tí wọ́n ti gé apá rẹ̀ sílẹ̀ nínú páálí, tó ku kí wọ́n tò ó pọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ kì í ṣe gọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ iléèwé mọ̀. Omi oògùn kan ni, tí ń yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀, tí wọ́n á fi wọnú ara wọn di ọ̀kan. Bí ó bá pọ̀ jù, ike á yọ́ kọjá ààlà, iṣẹ́ á bàjẹ́. Orí búrọ́ọ̀ṣì tó tinrin bí irun ni wọ́n fi ń kán an sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé e sórí awo dígí. Dígí kì í parọ́. Bí ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá kan dígí, a jẹ́ pé ara ọkọ̀ ti lọ́, bí ọkọ̀ bá sì lọ́, yóò ṣubú kúrò lórí irin ní kọ́nà àkọ́kọ́. Wọ́n tún ń fi òjé sábẹ́ rẹ̀ tàbí sínú rẹ̀ kó lè wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 50, nítorí ike nìkan fúyẹ́ jù, afẹ́fẹ́ lásán lè gbé e. Níbi òjé yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gbẹ̀rì ti jìyà. Ẹni tó bá fi gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò lẹ òjé mọ́ inú àlàfo tó há, ọkọ̀ rẹ̀ yóò dára lónìí, yóò dára lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, gọ́ọ̀mù náà á máa jẹ òjé díẹ̀díẹ̀, òjé á máa wú, títí ẹ̀gbẹ́ wágọ́ọ̀nù yóò fi bẹ́. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà mọ èyí, wọ́n sì ń kìlọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ó tún ku ohun kan tó fi ìwà àwọn èèyàn yìí hàn. Àlàfo tó wà láàárín irin méjì tí rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rìn lórí rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹsì mẹ́jọ ààbọ̀. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ sí mìlímítà 4 fún ẹsẹ̀ bàtà, mìlímítà 18.83 ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n mìlímítà 16.5 ni ti rélùwéè ìṣeré ọmọdé tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ní í fura. Ní Pendon, mìlímítà 18 ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ní láti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó bá ti ọjà wá, nítorí pé ojú wọn kò gba kí wágọ́ọ̀nù dúró bí ẹni tó sún ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra.

Ọ̀dà tí ojú kò gbọ́dọ̀ rí

Bí wágọ́ọ̀nù bá ti dúró, ó kan ọ̀dà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kí ọ̀dà máa dán ni ẹwà rẹ̀. Ní Pendon àti láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀dà tó ń dán bí abọ́ tuntun jẹ́ àbùkù. Wágọ́ọ̀nù èédú kò wẹ̀ rí. Òjò ló ń wẹ̀ ẹ́, eruku bíréèkì ló ń pa á láró.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí èyí tó tẹ̀ lé e lè mú. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ gan-an yóò wá, kì í sì í nípọn, nítorí pé bí ọ̀dà bá nípọn, yóò bo orí ìdè irin tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àwọ̀ eérú tó ṣú ni ti wágọ́ọ̀nù GWR ní àwọn ọdún tí Pendon ń ṣàfihàn, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ pàápàá kò yàtọ̀. Inú wágọ́ọ̀nù tí kò ní òrùlé ńkọ́? Wọn kì í kun ibẹ̀. Pákó lásán ni wọ́n fi í sílẹ̀, oòrùn àti òjò á sì sọ ọ́ di àwọ̀ eérú tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe àwòṣe gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà ya pákó tí kò ní ọ̀dà. Iṣẹ́ ńlá ni.

Bí pákó kan bá ti jẹrà lóde ayé, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn dípò rẹ̀, nígbà mìíràn wọn kì í kùn ún. Ẹni tó bá mọ èyí á fi pákó tuntun kan ṣoṣo sáàárín méje, pẹ̀lú lẹ́tà tó gé sí méjì níbi tí pákó tuntun náà ti bọ́ sí. Àlejò tó bá rí i kò ní í mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé òótọ́ lòun ń wò.

Lẹ́tà tó ń sọ̀rọ̀

Ibi tí iṣẹ́ ti wá le jù ni lẹ́tà. Àwọn Yorùbá tó bá dàgbà lásìkò bọ́lẹ̀kájà yóò tètè lóye èyí. Kò sí bọ́lẹ̀kájà tí kò ní ọ̀rọ̀ lára, láti iwájú dé ẹ̀yìn: orúkọ olówó ọkọ̀, ìlú rẹ̀, òwe tó fẹ́ràn, àti ìkìlọ̀ fún ọ̀tá. Ẹni tó bá mọ̀wé kà lè mọ ìtàn ọkọ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wágọ́ọ̀nù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí láàárín ogun àgbáyé méjèèjì.

Àwọn tó ni ibi ìwa èédú, àwọn oníṣòwò èédú, àwọn iléeṣẹ́ gáàsì àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ ló ní wágọ́ọ̀nù tiwọn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1939, iye wágọ́ọ̀nù aládàáni bẹ́ẹ̀ lé ní 500,000. Orúkọ ẹni tó ni ín ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà funfun tó ní òjìji dúdú tàbí pupa lẹ́yìn, tí orúkọ ìlú á sì wà nísàlẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ lọ́wọ́, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́, ló ń ṣe é. Ìpolówó ọjà ni, ìdánimọ̀ sì ni.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ni. Ó ní iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ lè rù. Ó ní ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà sí bí ẹrù bá ti kúrò nínú rẹ̀. Ìlà funfun kan tó dábùú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé ìhà báyìí ni ilẹ̀kùn orí ọkọ̀ wà, kó má baà da èédú sí ibi tí kò yẹ. Ó sì tún ní ìwọ̀n ọkọ̀ náà nígbà tí kò ru nǹkan kan. Nọ́ńbà kékeré yìí ni òdodo ọjà dúró lé lórí. Bí wọ́n bá gbé wágọ́ọ̀nù tó kún sórí òṣùwọ̀n, iye yẹn ni wọ́n ń yọ kúrò kí wọ́n tó mọ iye èédú tí oníbàárà yóò san owó lé lórí. Bí àtúnṣe bá ti yí ìwọ̀n ọkọ̀ padà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n, kí wọ́n sì tún nọ́ńbà kọ. Nọ́ńbà tó bá parọ́, olè ni.

GWR náà ní tirẹ̀. Lẹ́tà méjì, G àti W, ni wọ́n kọ sára wágọ́ọ̀nù wọn. Láti ọdún 1904, lẹ́tà náà ga tó ínǹsì 25. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ó walẹ̀ sí ínǹsì 16. Ní àárín àwọn ọdún 1930, ó tún kéré sí i, ó di ínǹsì 5 péré ní igun ìsàlẹ̀. Fún ìdí èyí, ẹni tó bá kọ lẹ́tà ínǹsì 5 sára wágọ́ọ̀nù tó yẹ kó wà lójú irin ní 1925 ti purọ́ mọ́ ọdún yẹn. Ní ìwọ̀n Pendon, lẹ́tà ínǹsì 16 ga ní mìlímítà márùn-ún àti díẹ̀. Lẹ́tà ínǹsì 5 kò tó mìlímítà méjì. Nọ́ńbà ìwọ̀n ọkọ̀, tó bá jẹ́ ínǹsì 3 lóde ayé, mìlímítà kan ni.

Iléeṣẹ́ yìí tún fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní oríkì, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn nígbà tí wọ́n bá ń fi wáyà ránṣẹ́. Ọkọ̀ tí gáàdì ń jókòó sí lẹ́yìn pátápátá, TOAD lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n sì ń kọ orúkọ ibùdó tó ni ín sí i lára. Èyí tó ń gbé ẹ̀rọ ńlá tó wúwo ni CROCODILE, ọ̀nì. Èyí tó ń gbé pákó gígùn ni MACAW, ẹyẹ kan tó bá odídẹrẹ́ tan. MINK ni ọkọ̀ tó ní òrùlé, MICA ló ń kó ẹran tútù, BLOATER ló ń kó ẹja. Akọ̀wé ibùdókọ̀ tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti mọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ń béèrè.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tó ga ní mìlímítà kan? Àwọn díẹ̀ wà tí ọwọ́ wọn lè fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lo lẹ́tà àlẹ̀mọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ sórí bébà. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1950, Historical Model Railway Society, ń tẹ irú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi fọ́tò àti ìwé iléeṣẹ́ wé ara wọn. Irú kan wà tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ mọ́lẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń fi ọtí sípíríìtì tí wọ́n bu omi là rin, tí wọ́n á dúró kó gbẹ, kí wọ́n tó fi omi ṣí bébà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi fáníìṣì dídán kun ojú ibẹ̀, kó lè mú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á fi fáníìṣì tí kò dán bò ó, gbogbo rẹ̀ á sì pa pọ̀ di ọ̀kan. Ẹni tó bá sín níbi yìí, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lè lọ.

Pupa ni àbí eérú?

Ìbéèrè tó yẹ kó wá sọ́kàn ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé ibi yìí ni pé, kí ló dé? Àlejò tó dúró lẹ́yìn dígí ní Pendon kò lè ka lẹ́tà mìlímítà kan. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló wá fà á tó fi ń fọ́ ojú sí i?

Ìdáhùn wà nínú àríyànjiyàn kan tí kò tíì tán láàárín àwọn onímọ̀ nípa GWR. Kí wágọ́ọ̀nù iléeṣẹ́ náà tó di àwọ̀ eérú, pupa ni. Lórí èyí, ohùn wọn ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọdún wo ni pupa di eérú? Àwọn kan ní ọdún 1904 ni, nígbà tí lẹ́tà ńlá wọlé. Àwọn mìíràn ní ó ti yí padà ní ọdún pípẹ́ ṣáájú ìyẹn. Fọ́tò wà, wọ́n pọ̀, àmọ́ fọ́tò kò lè yanjú ẹjọ́ yìí. Dúdú àti funfun ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni irú awo dígí tí wọ́n fi ń ya àwòrán nígbà náà kì í rí pupa dáadáa. Pupa àti àwọ̀ tó ṣú máa ń jọra lórí rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ilẹ̀ tó mọ̀wé ni. Iléeṣẹ́ tó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ ni. Ọ̀kẹ́ àìmọye wágọ́ọ̀nù ló ń kọjá lójú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo èèyàn ló ń rí i, kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí òun sọ ọjọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ló tètè ń sọnù. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Níbi ọ̀rọ̀ pupa àti eérú yìí, ìtàn kò tó, àwọn tó lè sọ àrọ́bá sì ti kú tán.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì fi ń fọ́ ojú sí lẹ́tà mìlímítà kan. Àwòṣe tirẹ̀ ni ìwé tí ó ń kọ. Bí ó bá fi irọ́ sí i, ọmọ tí yóò wá wò ó ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i yóò gbà á gẹ́gẹ́ bí òótọ́, nítorí kò ní í sí ẹlẹ́rìí tí yóò já a nírọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ

Wágọ́ọ̀nù aládàáni tí orúkọ ń tàn lára wọn kò pẹ́ rárá lẹ́yìn 1939. Ìjọba pa gbogbo wọn pọ̀ nítorí ogun, kí ẹnikẹ́ni lè lo èyí tó bá sún mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, kò sí ìdí fún olówó ọkọ̀ láti tún orúkọ ara rẹ̀ kùn. Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, lẹ́tà ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1948, gbogbo rélùwéè di ti ìjọba, GWR fúnra rẹ̀ kógbá sílé, wágọ́ọ̀nù aládàáni sì gba nọ́ńbà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà P. Wágọ́ọ̀nù onírin tọ́ọ̀nù 16 rọ́pò wọn. Ní Swindon, níbi tí GWR ti ní ọgbà iṣẹ́ láti 1843, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọgbà iṣẹ́ náà pa lọ́dún 1986.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ara àwọn tó ṣẹ́kù, kó padà sí Didcot. Lẹ́yìn ibùdókọ̀ náà gan-an ni ẹgbẹ́ Great Western Society ti ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì àti ọkọ̀ àtijọ́ láti 1967. TOAD wà níbẹ̀ tó ga ju èèyàn lọ, èèyàn sì lè na ọwọ́ kan irin rẹ̀. Ẹni tó bá ti Pendon bọ̀ yóò dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó pàdé ẹni tó ti mọ̀ láti kékeré. Yóò wo igun ìsàlẹ̀. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ náà á wà níbẹ̀, kò ní í ṣòro fún un láti kà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé bí ó ṣe dà bíi pé ó jìnnà. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kano ní 1911. Wágọ́ọ̀nù ló kó ẹ̀pà wá láti òkè Ọya, òun ló kó kòkó, òun ló kó èédú Enugu. Ní Èbúté Mẹ́ta, ilé tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ti rí àtúnṣe lọ́wọ́ àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun èlò rélùwéè sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ojú irin tuntun tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ ti ń gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn láti 2021.

Àwọ̀ wo ni wágọ́ọ̀nù tó kó kòkó? Kí ni wọ́n kọ sí igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, báwo sì ni lẹ́tà náà ṣe ga tó? Àwọn bàbá kan ṣì wà láyé tó fi ọwọ́ ara wọn kun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó lè sọ orúkọ ọ̀dà tí wọ́n lò àti iye ọjọ́ tó fi ń gbẹ. Ọmọ tó bá ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ nílé kò nílò kó kọ́ àfonífojì sínú gbọ̀ngàn. Bíró kan tó o, pẹ̀lú ìwé àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí ariwo. Kó jókòó ti bàbá, kó béèrè, kó sì kọ ọdún sí i.